Àgbẹ̀ Tí Ń Ra Iṣu Oko Ara Rẹ̀

Yorùbá ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí láàrin agbo ilé, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú iṣẹ́ ìmọ̀. Kò sí ọ̀mọ̀wé tí ó lè dá nìkan mọ ohun gbogbo. Ibi tí ẹni ìṣáájú bá iṣẹ́ dé ni ẹni ẹ̀yìn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń pàdé láti fi ohun tí wọ́n wádìí han ara wọn ni àwọn ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń pè ní jọ́nà. Nínú jọ́nà ni oníṣègùn ti ń kà nípa oògùn titun. Nínú rẹ̀ ni onímọ̀ èdè ti ń jiyàn lórí ohùn àti gbólóhùn. Nínú rẹ̀ sì ni àwọn tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ olùkọ́ ti ń mọ bí ọmọdé ti ń kọ́ ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n owó tí ilé ìkàwé ń san kí òǹkàwé tó lè fojú kan jọ́nà ti ga dé ibi pé ọjà náà ti di ilé olódi, àwọn tí ó kó irè wá sí ọjà gan-an ni wọ́n sì sé ìlẹ̀kùn mọ́ sóde.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kàdúná tàbí ní Ìkòròdú lè wí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni èyí, pé kò kan òun. Ó kàn án. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan, nínú èyí tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin àwọn yòókù. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Òkìkí ètò yìí kàn kárí ayé, ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ ni àwọn ọ̀mọ̀wé sì ti kọ lé e lórí. F. Niyi Akinnaso kọ ọ̀kan tí ó jẹ mọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1993, nínú International Review of Education, jọ́nà tí ó wà lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé Springer ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n kọ́, olùkọ́ Nàìjíríà ni ó kọ́ wọn, ọmọ Nàìjíríà ni ó sì kọ àpilẹ̀kọ náà. Síbẹ̀, bí olùkọ́ kan bá fẹ́ ka irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀, tí ilé ìkàwé tí ó súnmọ́ ọn kò sì san owó àsansílẹ̀, iye tí àwọn òǹtẹ̀wé sábà máa ń béèrè lórí àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo tó 30 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó yìí ju ìdajì 70,000 náírà tí òfin 2024 fi lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tí ó kéré jù lọ. Ta ni yóò fi ìdajì owó oṣù rẹ̀ ra ewé ìwé bí i mélòó kan?

Nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Journal des sçavans jáde ní Párísì ní oṣù kìíní 1665. Ní oṣù kẹta ọdún náà ni Henry Oldenburg, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń jẹ́ Royal Society, gbé Philosophical Transactions jáde ní Lọ́ńdọ́nù. Ní 1752 ni ẹgbẹ́ náà gba ìwé yìí sí ọwọ́ ara rẹ̀, tí ó sì ń fi owó ẹgbẹ́ gbé e ró, kí ìmọ̀ lè tàn kálẹ̀. Lẹ́yìn ogun Hitler ni ọwọ́ yí padà. Àwọn ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí ná owó rẹpẹtẹ lórí ìwádìí, yunifásítì titun ń dìde káàkiri, àwọn oníṣòwò sì rí i pé wúrà wà nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé. Ọ̀kan nínú wọn ni Robert Maxwell, ẹni tí ó gba ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní 1951, tí ó sọ ọ́ ní Pergamon Press, tí ó sì ń dá jọ́nà titun sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí ó máa tà á fún ilé iṣẹ́ Elsevier ní 1991, mílíọ̀nù 440 pọ́n-ùn ni ó gbà.

Kí ni ó mú kí òwò yìí lérè tó bẹ́ẹ̀? Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí ata bá wọ́n ní ọjà Bódìjà, ìyá ilé lè lọ sí ọjà Òjé. Bí ata rodo bá wọ́n, ó lè ra tàtàṣé. Ṣùgbọ́n jọ́nà kan kò lè rọ́pò èkejì. Àpilẹ̀kọ tí ó wà nínú èyí kò sí nínú ìyẹn, oníṣègùn tí ó bá sì nílò èyí kò lè fi ìyẹn wo aláìsàn. Ẹni tí ń kà á kọ́ ni ó ń sanwó rẹ̀. Ilé ìkàwé ni ó ń san án. Nítorí náà, òǹkàwé kì í mọ iye tí ó jẹ́, òǹtajà a sì máa fi owó lé e bí ó ti wù ú.

Ní oṣù kẹrin 2012, ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́ tí ń gba ilé ìkàwé Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà nímọ̀ràn kọ̀wé sí gbogbo olùkọ́ ibẹ̀. Wọ́n ní owó jọ́nà tí àwọn òǹtẹ̀wé ńlá ń gbà lọ́wọ́ Harvard ti súnmọ́ mílíọ̀nù 3.75 dọ́là lọ́dún. Wọ́n ní owó tí òǹtẹ̀wé méjì ń gbà lórí ìwé orí kọ̀ǹpútà ti fi nǹkan bí ìdá 145 nínú 100 ga láàrin ọdún 6. Wọ́n sì ní jọ́nà mìíràn wà tí ó ń gba 40,000 dọ́là lọ́dún kan. Wọ́n sọ gbangba pé ọ̀ràn náà ti kọjá agbára àwọn. Harvard ni ó lọ́rọ̀ jù lọ láàrin àwọn yunifásítì ayé. Bí erin bá ń kígbe pé ẹrù wúwo, kí ni ewúrẹ́ yóò wí? Ní ọwọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ẹ wo èrè. Ní 2023, ẹ̀ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣègùn nínú ilé iṣẹ́ RELX, tí ó ni Elsevier, pa owó tí ó lé ní bílíọ̀nù 3 pọ́n-ùn, nǹkan bí 38 nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn tí ó wọlé ni ó sì jẹ́ èrè. Àwọn oníṣòwò tí ń jẹ irú èrè bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láyé.

Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ni ó ṣe iṣẹ́ náà, ènìyàn ìbá fẹnu mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ta ni ó ṣe é? Ìjọba ni ó fi owó orí ará ìlú san owó ìwádìí. Olùkọ́ yunifásítì ni ó ṣe ìwádìí, òun náà ni ó jókòó kọ ọ́, kò sì sí ẹni tí ó fún un ní kọ́bọ̀ lórí ohun tí ó kọ. Ẹ̀tọ́ orí iṣẹ́ náà ni ó tún sábà máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé fún òǹtẹ̀wé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó yẹ iṣẹ́ náà wò láti mọ̀ bóyá ó pójú òṣùwọ̀n. Ọ̀fẹ́ ni àwọn náà ṣe é. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni òǹtẹ̀wé yóò tà á padà fún ilé ìkàwé yunifásítì kan náà, pẹ̀lú owó ìjọba kan náà. Àgbẹ̀ ni ó roko, àgbẹ̀ ni ó gbin iṣu, àgbẹ̀ ni ó wà á, àgbẹ̀ ni ó rù ú dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ni ó wá ń dá iye lé iṣu fún àgbẹ̀.

Ọgbọ́n àrékérekè mìíràn tún wà nínú òwò náà. Èkíní, wọn kì í fẹ́ ta jọ́nà lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Wọ́n a dì wọ́n pọ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún tàbí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, èyí tí ó dára àti èyí tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí, wọn a sì fi iye owó tí ó wọ́n kọjá ààlà lé èyí tí ilé ìkàwé bá fẹ́ dá rà. Ìwà yìí kò ṣàjèjì ní Nàìjíríà. Ní ìgbà ogun Hitler, àwọn ilé ìṣòwò òyìnbó a máa sọ fún àwọn ìyá ọlọ́jà pé ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọjà tí ń tà wàràwàrà gbọ́dọ̀ ra èyí tí kò tà mọ́ ọn, àwọn ìyá náà sì fi ẹ̀hónú hàn lórí rẹ̀. Èkejì, nígbà tí jọ́nà jẹ́ bébà, ohun tí ilé ìkàwé bá rà di tirẹ̀ títí ayé. Bí kò bá tilẹ̀ sanwó ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ti àtẹ̀yìnwá wà lórí pẹpẹ. Nísinsin yìí tí ó ti di ti orí kọ̀ǹpútà, yíyá ni ilé ìkàwé ń yá a nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn. Ọdún tí owó bá tán, pẹpẹ lè ṣófo ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹta, nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn ni òǹtẹ̀wé ti máa ń fi í sí i pé ilé ìkàwé kò gbọdọ̀ sọ iye tí ó san fún ẹlòmíràn. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọjà tí ẹni tí ó rà á kò gbọdọ̀ dárúkọ iye rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ nínú.

Ìyà tí ó ń jẹ Harvard jẹ Nàìjíríà ní ìlọ́po. Ní 1948 tí Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, àti fún bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ilé ìkàwé ibẹ̀ jẹ́ èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé láti ilẹ̀ mìíràn ń wá kàwé nínú rẹ̀. Ní 1985, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ní 1986 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí jábọ́. Láti ìgbà náà ni pẹpẹ jọ́nà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ti dúró: ẹni tí ó bá wọ inú wọn yóò rí jọ́nà tí ó pé pérépéré títí di nǹkan bí 1985, lẹ́yìn rẹ̀ eruku. Ní oṣù kẹfà 2023, ìjọba tún tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, nígbà tí yóò sì fi di 2024, dọ́là kan ti ju 1,400 náírà lọ. Jọ́nà tí iye rẹ̀ jẹ́ 500 dọ́là kò tó 500 náírà ní 1985. Ká ní òǹtẹ̀wé kò tilẹ̀ fi kọ́bọ̀ lé e láti ìgbà náà, ó ti ju 700,000 náírà lọ ní 2024. Bẹ́ẹ̀ ni òǹtẹ̀wé ń fi kún un lọ́dọọdún.

Àwọn kan yóò wí pé àánú wà. Lóòótọ́ ni. Láti 2002 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn òǹtẹ̀wé ti dá ètò Hinari sílẹ̀, èyí tí ó ń jẹ́ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó rí jọ́nà ìṣègùn kà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú. Ó ti ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bú u. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń jẹ láti inú àwo olóore kò mọ ìgbà tí olóore yóò gbé àwo rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2011, àwọn òǹtẹ̀wé kan ṣàdédé yọ jọ́nà tí ó ju 2,000 lọ kúrò nínú ohun tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Bangladesh ń rí kà nípasẹ̀ Hinari. Ìgbà tí ariwo ta ni wọ́n tó dá wọn padà. Orílẹ̀-èdè tí ó fẹ́ tọ́ oníṣègùn àti olùkọ́ dàgbà kò lè gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ka orí ohun tí ẹlòmíràn lè fà yọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan.

Àwọn òǹtẹ̀wé náà ní àwíjàre. Wọ́n ní títún ìwé ṣe, títò ó, àti pípa á mọ́ fún àwọn tí ń bọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Òṣìṣẹ́ yẹ fún owó ọ̀yà rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ọ̀yà yàtọ̀ sí èrè. Bí 38 bá ṣẹ́kù nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n ti san gbogbo owó ọ̀yà tán, kì í ṣe iṣẹ́ ni wọ́n ń gba owó rẹ̀ mọ́. Owó ìlẹ̀kùn ni.

Oògùn kan tún wà tí àwọn òǹtẹ̀wé ti gbé jáde, tí ó dà bí oore lójú. Wọ́n ní kí òǹkàwé máa kà á lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó kọ ọ́ máa san owó ìtẹ̀jáde. Ní 2020 ni jọ́nà Nature kéde pé òun yóò máa gba 9,500 yúrò lórí àpilẹ̀kọ kan lọ́nà yìí. Ní 2023, àwọn olóòtú NeuroImage, tí wọ́n ju 40 lọ, kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ nítorí pé Elsevier kò gbà láti dín 3,450 dọ́là tí ó ń gbà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé kù. Lóòótọ́, àwọn òǹtẹ̀wé kan máa ń dárí owó yìí ji àwọn òǹkọ̀wé láti ilẹ̀ tálákà. Ṣùgbọ́n àánú náà nìyẹn, tí wọ́n tún gbé gba ẹ̀yìn wọlé. Lánàá, tálákà kò lè kà. Bí èyí bá di òfin, lọ́la tálákà kò ní lè kọ. Èwo ni ó sàn?

Títí dé ibí yìí, ẹ̀bi òǹtẹ̀wé òkè òkun ni. Ṣùgbọ́n bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Ta ni ó ń lé àgbẹ̀ Nàìjíríà lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń yàn án jẹ? Ìgbìmọ̀ ìgbéga ní àwọn yunifásítì Nàìjíríà ni. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìlànà ni pé olùkọ́ tí ó bá fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ ní iye àpilẹ̀kọ kan nínú jọ́nà òkè òkun. Kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá iṣẹ́ náà jinlẹ̀, tàbí bóyá ó wúlò fún ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú kan. Ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Olùkọ́ tí ó wádìí ohùn èdè Igala, tàbí bí àwọn ọmọ Fulani tí ń da ẹran ṣe ń kọ́ ìṣirò, yóò kó o ránṣẹ́ sí òkè òkun, ilé ìkàwé yunifásítì tirẹ̀ kò sì ní lówó láti rà á padà. Ìlànà tí ó mú kí ọlọ́gbọ́n fi ẹrù ilé ta ọrẹ fún òwò àjèjì kì í ṣe ìlànà ọlá.

Wọn yóò dáhùn pé àwọn jọ́nà abẹ́lé kò pójú òṣùwọ̀n, pé àwọn kan nínú wọn ń tẹ ohunkóhun tí òǹkọ̀wé bá ti sanwó rẹ̀. Òtítọ́ korò ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n irú jọ́nà bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní òkè òkun pẹ̀lú, ìlànà ìgbéga yìí náà ni ó sì ń bọ́ wọn, nítorí pé ẹni tí ń wá àdírẹ́sì òkè òkun nìkan kì í bìkítà nípa ohun tí ó wà nínú ilé. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò fún lóúnjẹ, kí ìyá má ṣe bá a wí pé ó rù. Nàìjíríà ti tọ́jú jọ́nà dáadáa rí. Ní 1955 ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ìtàn Nàìjíríà sílẹ̀, tí ọdún tí ó tẹ̀lé e kò sì kọjá kí jọ́nà rẹ̀ tó jáde. Àwọn onímọ̀ bí Kenneth Dike àti J. F. Ade Ajayi kọ́ ayé ní ìtàn Áfíríkà láti Ìbàdàn, ayé sì tẹ́tí sí wọn.

Àwọn mìíràn ti fi hàn pé ọ̀nà wà. Ní Bràsíl, àjọ tí ń fi owó ìpínlẹ̀ São Paulo ran ìwádìí lọ́wọ́ gbé ètò SciELO kalẹ̀ ní 1998, nípasẹ̀ èyí tí jọ́nà ilẹ̀ náà fi wà ní gbangba fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò náà ti tàn dé Gúúsù Áfíríkà. Ní 1998 kan náà ni African Journals Online bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ jọ́nà Nàìjíríà sì wà níbẹ̀ lónìí. Ní 2015, gbogbo olóòtú Lingua, jọ́nà ìmọ̀ èdè tí Elsevier ń tẹ̀, kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tí ń bá wọn ṣiṣẹ́, wọ́n sì dá Glossa sílẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́. Òǹtẹ̀wé ni ó ni orúkọ. Òun kọ́ ni ó ni ọpọlọ. Ọjọ́ tí ọpọlọ bá dìde, orúkọ nìkan ni yóò ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí àwọn olùkọ́ Nàìjíríà máa béèrè láìsinmi, láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé yunifásítì. Ìkíní, kí àjọ NUC àti àwọn ìgbìmọ̀ yunifásítì pa ìlànà jọ́nà òkè òkun rẹ́, kí wọ́n máa ka iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ti ilé àti ti òde. Ìkejì, kí gbogbo ìwádìí tí TETFund tàbí ìjọba èyíkéyìí bá fi owó ará ìlú ṣe wà ní gbangba fún ará ìlú láti kà láìsan kọ́bọ̀, kí díẹ̀ nínú owó náà sì máa lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn jọ́nà abẹ́lé tí wọ́n bá pójú òṣùwọ̀n. Ìkẹta, kí àwọn ilé ìkàwé yunifásítì Nàìjíríà fi ohùn kan bá àwọn òǹtẹ̀wé dúnàádúrà, kí wọ́n sì kọ àdéhùn ìkọ̀kọ̀. Yunifásítì California, tí ó ní ọgbà mẹ́wàá, fi ohùn kan kọ̀ ní 2019 láti tún bá Elsevier dá àdéhùn. Ní 2021 ni ilé iṣẹ́ náà padà wá sí orí ohun tí wọ́n béèrè. Àgbàjọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Olùkọ́ ni ó ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Bí ìwé tí ó dára jù lọ bá wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ kò lè ṣí, kí ni yóò fi kọ́ni? Ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹgbẹ́ olùkọ́ kò gbọdọ̀ dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.